Láti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n sí Ọgbà Òmìnira: Orúkọ, Ìtàn àti Ìlò Àwọn Ibi Mánigbàgbé ní Pópó Àgùdà àti Agbègbè Rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wò lẹ́yìn náà ni ohun tí ó gbé e ṣubú. Ìlú kò yàtọ̀ sí àgbà. Bí ilé tí ó ti pẹ́ láàárín rẹ̀ bá wó, ó yẹ kí ó bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó fa wíwó ilé náà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó ilé kan palẹ̀ nítòsí gbàgede Tinúbú ní erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ilé náà ní ọdún 1855, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Casa do Fernandez, ìyẹn ilé Fernandez. Àwọn ará Èkó ìgbà tiwa mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar tàbí ilé Ọláìyá. Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò. Síbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ilé wó.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ilẹ̀ mìíràn wà tí ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilẹ̀ yìí jẹ́ láyé ìjọba amúnisìn. Wọ́n ti wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé rẹ̀, ilẹ̀ náà sì di ààtàn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2010, ó di ọgbà ìgbafẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Freedom Park, tí àwa yóò máa pè ní Ọgbà Òmìnira nínú iṣẹ́ yìí. 

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló dé tí ilé tí òfin dáàbò bò fi pa rẹ́, tí èyí tí wọ́n ti wó tẹ́lẹ̀ sì tún jí dìde? Èrò wa ni pé òfin nìkan kò lè pa ibi mánigbàgbé mọ́. Orúkọ ni ó ń gbé ìtàn ibẹ̀, ẹnu ni ó ń sọ ọ́, ìlò ni ó sì ń gbé ilé ró. Méjì nínú mẹ́ta yìí, orúkọ àti ìtàn, jẹ́ iṣẹ́ èdè, ìyẹn ni pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n.

Agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ bá

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni a lè pín erékùṣù Èkó sí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀, níbi tí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà. Ọlọ́wọ́gbowó ni ti àwọn Sàró tí wọ́n ti Sàró bọ̀. Etí ọ̀sà, ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì tí a ń pè ní Marina, ni àwọn òyìnbó oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀dó sí. Ìkẹrin ni Pópó Àgùdà, ibùdó àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, àti àwọn ọmọ wọn tí a bí sí ọ̀hún, tí wọ́n padà wá sílé.

Ìpadàbọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun àti ní ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Bàhíà. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n lé àwọn kan jáde ní ìlú, ayé sì nira fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti ra ara wọn padà. Púpọ̀ nínú wọn wọkọ̀ padà sí etíkun ilẹ̀ wa. Ní ilé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Láti ìgbà náà ni òwò ẹrú ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Èkó, tí ọ̀kan àwọn Àgùdà sì túbọ̀ ń balẹ̀ láti padà wá. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó sọ Èkó di ilẹ̀ amúnisìn.

Àwọn tí ó dé yìí kò wá lọ́wọ́ òfo. Bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alásè wà nínú wọn. Àwọn ni wọ́n mú irú ilé tí ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí ògiri rẹ̀ kún fún ọnà, tí a sì fi ọ̀dà aláràbarà kùn, wọ inú Èkó. Láti Èkó ni irú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká àwọn ìlú Yorùbá mìíràn.

Orúkọ gẹ́gẹ́ bí àpótí ìtàn

Bí gbogbo ilé Pópó Àgùdà bá tilẹ̀ wó tán, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ṣì rí ìtàn ibẹ̀ kà nínú orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta wò.

Èkíní ni pópó. Ọ̀nà fífẹ̀ tí èrò ń gbà ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì wà nínú òpópónà. Kì í ṣe agbo ilé ni wọ́n pe ibùdó yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdí baba ńlá kan. Orúkọ náà ń sọ fún wa pé ojú ọ̀nà ni a fi mọ àdúgbò náà. Ohun tí ó so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ni ìrìn àjò tí wọ́n jọ rìn, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orírun wọn.

Èkejì ni Àgùdà. Àwọn tí ó ti Bùràsíìlì bọ̀ ni a kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìjọ Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ sí i títí ó fi di orúkọ ìjọ náà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ọmọ Èkìtì tí ìdílé rẹ̀ kò mọ Bùràsíìlì rí lè sọ pé ìjọ Àgùdà ni òun ń lọ. Ìdàgbàsókè ìtumọ̀ ni èyí. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí Mùsùlùmí wà nínú àwọn Àgùdà ìgbà náà.

Ẹ̀kẹta ni Tòkunbọ̀, tí í ṣe orúkọ òpópónà kan ní agbègbè yìí. Gbólóhùn ni ó di orúkọ: ti + òkun + bọ̀. Fáwẹ̀lì ìparí ti ni a pa jẹ. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkèèrè tí a sì gbé wálé ni. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà tún gba ìtumọ̀ tuntun: ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ̀rọ amúnútútù tòkunbọ̀, ìyẹn ọjà àlòkù tí ó ti òkè òkun wá. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ kejì láìkọ́ ọ ní ti àkọ́kọ́, ọmọ náà yóò rò pé ẹrù ni òpópónà náà ń rántí. Ènìyàn ni ó ń rántí.

Kódà, oúnjẹ kò gbẹ́yìn. Fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó máa ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, gba orúkọ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí fi ń pe ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀-àyálò yìí jẹ́ ẹ̀rí tí kò nílò bíríkì.

Ìta Tinúbú: orúkọ tí kò gbà kí a pa òun rẹ́

Ní ẹnu ọ̀nà Pópó Àgùdà ni gbàgede Tinúbú wà. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ òde òní léèrè ẹni tí Tinúbú jẹ́, orúkọ olóṣèlú ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹfúnróyè Tinúbú ni ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Gbajúmọ̀ oníṣòwò ni, ó sì lágbára ní ààfin Akíntóyè àti Dòsùnmú. Ní ọdún 1856, wọ́n lé e kúrò ní Èkó nítorí ìjà òun àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó ṣe bẹbẹ níbẹ̀, ó sì di Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Ó kú ní ọdún 1887.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira ní ọdún 1960, wọ́n sọ gbàgede náà ní gbàgede Òmìnira. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń gbé ní Nàìjíríà sì fi ẹ̀rọ omi tí ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba náà kò pẹ́ lẹ́nu ará ìlú. Tinúbú ni wọ́n ń pè é, Tinúbú ni ó sì padà di. Níhìn-ín ni a ti rí agbára ẹnu. Àṣẹ lè kọ orúkọ sára pátákó, ṣùgbọ́n ará ọjà ni ó ń pinnu èyí tí yóò yè.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò yẹ kí olùkọ́ fi bò. Nínú ọjà tí Ẹfúnróyè Tinúbú tà ni tábà, iyọ̀, epo pupa àti ohun ìjà. Ó ta ẹrú pẹ̀lú. Ère rẹ̀ sì dúró ní etí àdúgbò tí àwọn tí a ti kó lẹ́rú padà wá kọ́. Àwọn kan á ní kí a má sọ èyí kí orúkọ ìyá wa má baà bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní kí a tìtorí rẹ̀ yọ orúkọ náà kúrò. Àwa kò fara mọ́ èkíní, a kò sì fara mọ́ èkejì. Ẹni tí ó kọ̀ fún òyìnbó àti ẹni tí ó ta ọmọnìkejì rẹ̀, ènìyàn kan náà ni. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní oríkì rẹ̀ nìkan, a ti sọ ìtàn di ìpolówó. Bí gbàgede náà bá dákẹ́ lórí àwọn tí a tà, ó yẹ kí òpópónà Tòkunbọ̀ tí ó wà nítòsí máa sọ̀rọ̀ fún wọn.

Ilé tí ó dúró, ilé tí ó wó

Ní òpópónà Kakawa ni Ilé Omi wà, ilé ìdílé da Rocha. Ọmọdé ni wọ́n kó João Esan da Rocha lẹ́rú lọ sí Bàhíà. Ó padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Kànga tí ó wà nínú ọgbà ilé náà ni ó fún un ní orúkọ, nítorí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará àdúgbò nígbà tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò tíì dé. Ọmọ rẹ̀, Candido da Rocha, lówó débi pé orúkọ rẹ̀ di àkàwé ọlọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ará Èkó. Òǹkọ̀wé ará Bùràsíìlì, Antonio Olinto, fi ilé yìí ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, *A Casa da Água*, tí ó jáde ní ọdún 1969.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí ó wà ní òpópónà Martins tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Mohammed Shitta, Sàró tí í ṣe Mùsùlùmí, ni ó náwó sí i. João Baptista da Costa, tí í ṣe Àgùdà, ni olórí oníṣẹ́, Sanusi Aka sì ni igbá-kejì rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, níṣojú gómìnà Gilbert Carter. Ọjọ́ náà ni Shitta gba oyè Bey láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba Tọ́kì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kírun níbẹ̀. Àwọn tí ń kírun ni wọ́n ń tún òrùlé ṣe, nítorí pé òjò tí ó bá rọ̀, orí wọn ni yóò rọ̀ sí.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi èyí wé Ilojo Bar. Ilé oúnjẹ àti ọtí ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ fún. Ní ọdún 1933, Alfred Ọmọ́láńà Ọláìyá rà á, ó sì di ilé ìdílé Ọláìyá. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ kásẹ̀ nílẹ̀. A kò sì rí iṣẹ́ àwùjọ kan gbòógì tí a fi rọ́pò rẹ̀. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin kì í rẹ́ ògiri, kì í pààrọ̀ páànù tí ó ń jò. Ó rọrùn láti bú ẹni tí ó wó o. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò ajogún: ilẹ̀ tí ó gbówó lórí, ilé tí ó ń sán, àwọn ọmọ baba tí ń pọ̀ sí i, àti ìjọba tí ó ní kí a má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ó jẹ́ ọlá fún orílẹ̀-èdè lè di ẹrù lórí ìdílé kan. Bí àwùjọ bá fẹ́ kí ilé kan jẹ́ ti gbogbo wa, gbogbo wa ni ó yẹ kí a jọ rù ú. Àròjinlẹ̀ yìí kò dá ẹni tí ó wó o láre. Ó kàn ń sọ pé ìjàǹbá náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó dé.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó di Ọgbà Òmìnira

A ti dé ibi tí ó ṣe gbòógì jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ojú Broad Street ni ìjọba amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí. Amọ̀ àti koríko ni ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1885, wọ́n kó bíríkì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì fi tún un kọ́. Àwọn ọ̀daràn wà níbẹ̀, àwọn tí ń bá ìjọba jà náà sì wà níbẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn òmìnira. Èyí kọ́ wa pé bí aláṣẹ tilẹ̀ yí padà, ẹ̀wọ̀n lè ṣàìyí padà. 

Lẹ́yìn tí ọgbà náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì ti wó o, ayàwòrán-ilé Theo Lawson ni ó ya àwòrán ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún òmìnira. Wọn kò pa àmì ẹ̀wọ̀n rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rí ibi tí àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n wà. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹni tí a dá lẹ́jọ́ ikú ni wọ́n sọ di orí ìtàgé. Àwọn òṣèré, akéwì, olórin àti òǹkọ̀wé ń pàdé níbẹ̀. Níbẹ̀ ni àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó ti ń wáyé.

Ẹ wo ohun tí èdè wa ti mọ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọgbà tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà òdòdó, ọgbà ẹranko àti ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí a sọgbà yí ká ni. Ohun tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà ni ó ń sọ irú ibi tí ó jẹ́. Ẹ̀wọ̀n, ní tirẹ̀, ni irin oníkókó tí a fi ń de ènìyàn, irú èyí tí a fi de àwọn baba ńlá Àgùdà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ọgbà òmìnira, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ọgbà kò kúrò níbẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀ ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé ó tọ́ kí a máa jó níbi tí wọ́n ti so ènìyàn kọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nínú àṣà wa, a kì í fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ṣeré láìṣe ètùtù. Ní ojú tiwa, ìtàn sísọ ni ètùtù irú ibi bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ ìtàn ibẹ̀ kí ìlù tó dún, ijó náà yóò di ìṣẹ́gun. Bí a kò bá sọ ọ́, ijó lásán ni, ọgbà náà kò sì yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ohun tí olùkọ́ lè fi èyí ṣe

Kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Èkó. Kò sì pọn dandan. Gbogbo ìlú ni ó ní Pópó Àgùdà tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 tó fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni a dá lábàá fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́.

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ibi kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó fọ́ orúkọ ibẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí a ti ṣe sí Tòkunbọ̀, kí ó sì wádìí bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

(ii) Kí ó lọ bá àgbàlagbà méjì tí kò gbé agbo ilé kan náà, kí ó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti bára mu, kí ó má ṣe yan èyí tí ó dùn jù. Kí ó kọ méjèèjì.

(iii) Kí ó béèrè ẹni tí ìtàn náà dákẹ́ lórí rẹ̀: ẹrú, obìnrin, àlejò, ẹlẹ́wọ̀n.

(iv) Kí ó sọ ìlò tí a ń lo ibẹ̀ lónìí, àti ẹni tí ń náwó sí àtúnṣe rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkan, kí kíláàsì jọ dábàá ìlò kan tí ará àdúgbò yóò lè gbà.

Nínú iṣẹ́ yìí, gírámà, lítíréṣọ̀ alohùn àti àṣà pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rí i pé ẹ̀kọ́ Yorùbá kò mọ sí inú ìwé.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé orúkọ Tinúbú borí àṣẹ ìjọba nítorí pé ó wà lẹ́nu ará ìlú. Pé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey dúró nítorí pé wọ́n ń lò ó. Pé Ilojo Bar wó bí ó tilẹ̀ ní òfin lẹ́yìn. Àti pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tún ayé wá nítorí pé a fún un ní iṣẹ́ tuntun láìpa ìtàn rẹ̀ rẹ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àmọ́ orísun náà kì í rántí ara rẹ̀; ẹni tí ń pọnmi níbẹ̀ ni ó ń rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò di ajogún, ayàwòrán-ilé àti aláṣẹ lọ́la. Kí ilé tí ó kàn tó wó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa.